Wúfà Kékeré Nínú Ilé: Bí A Ṣe Ń Rà Á, Bí A Ṣe Ń Gbé E Kalẹ̀, àti Ohun Tí A Ń Ṣe Bí Ó Bá Dákẹ́

Wúfà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni èyí tí áńpù rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀. Ó ní wáyà iná tirẹ̀, ó ní nọ́ọ̀bù lẹ́yìn, kò sì dúró de áńpù mìíràn kó tó dún. Àpótí rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 30 sí 35 lọ níhà kọ̀ọ̀kan. Sípíkà inú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8 tàbí 10. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: kó gbé ohùn ìsàlẹ̀, láti nǹkan bí 30 Hz dé 80 tàbí 120 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, 41 Hz ló ń dún bí a bá ta á láì tẹ ibì kankan. Ọ̀pọ̀ sípíkà orí tábìlì ò lè sọ ọ́ jáde. Ìró òkè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi tan etí jẹ.

N'Ìbàdàn, kì í sábà ṣe ọjọ́ ogbó ló ń pa wúfà. Iná tí kò dúró sójú kan ló ń pa á, àti ohùn tí a yí dé òpin nítorí pé ibi tí a gbé e sí kò jẹ́ kí béèsì dé àga tí a jókòó sí. Ọ̀rọ̀ iná àti ọ̀rọ̀ ibi ìgbékalẹ̀ la ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Kí owó tó jáde lápò

Ẹ gbójú kúrò lára nọ́ńbà ńlá iwájú páálí. "10,000W PMPO" kò sọ ohunkóhun fún yín nípa ohun tí etí yóò gbọ́. RMS ni kí ẹ wá, ìyẹn agbára tí áńpù lè máa tú jáde láìdáwọ́dúró. Bí wọn ò bá kọ RMS, ẹ yí ẹ̀yìn àpótí náà, kí ẹ ka iye wáàtì tí ó ń fà. Ẹ̀rọ tó ń fa 60W lára ògiri kò lè máa tú 500W jáde. Níbo ni yóò ti rí i? Fún pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15, 100W sí 150W RMS tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Àpótí méjì ló wà: èyí tó dí pa àti èyí tó ní ihò atẹ́gùn. Oníhò máa ń pariwo ju ìkejì rẹ̀ lọ ní wáàtì kan náà, àmọ́ bí ohùn bá ti lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí wọ́n ṣe ihò náà fún, sípíkà inú rẹ̀ á máa fò láìsí ohun tó dì í mú. Èyí tó dí kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń gbé yàrá kan tàbí yàrá àti pálọ̀, òun la ó yàn: béèsì rẹ̀ kì í wú jù nínú yàrá kékeré, aáyán àti ọmọńlé ò sì rọ́nà wọ inú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, yálà ní Ògùnpa tàbí ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Queen Cinema, ẹ mú wáyà kan dání láti ilé, èyí tó ní ẹnu fóònù lápá kan, tó sì ní ẹnu RCA (ẹnu roboto tí a fi ń gbé ohùn) lápá kejì. Ọlọ́jà lè sọ pé òun ò ní wáyà ìdánwò. Bí tiyín bá ti wà lọ́wọ́, àwíjàre tán nìyẹn. Kí ẹ wá ṣe báyìí:

1. Ẹ ka iye volt tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kì í bọ iná.
2. Ẹ fọwọ́ kan etí sípíkà, èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní ẹ́ẹ̀jì. Rọ́bà máa ń nà, ó sì máa ń padà. Fóòmù tó ti jẹrà á fi eruku dúdú sí yín lọ́wọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí wọ́n pè é.
3. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì ti kóònù, ojú sípíkà tó ń mì, wọlé díẹ̀díẹ̀, kó lọ déédéé. Bó bá dún ha-ha bí ẹni ń họ páànù, kọ́ìlì rẹ̀, wáyà tí wọ́n wé sẹ́yìn kóònù, ti ń fara kan òòfà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.
4. Ẹ tan án láìfi wáyà ohùn kankan sí i. Bí ẹ bá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i, kò yẹ kí ẹ gbọ́ pé ó ń kùn.
5. Ẹ fi fóònù kọrin sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn rẹ̀: kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú, kó jóni lọ́wọ́ ló burú.

Ẹ wo orí ìdè (sukurúù) irin ẹ̀yìn náà pẹ̀lú. Bí ó bá ti bó yánnayànna, ẹnìkan ti ṣí i rí. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí wọ́n tún ṣe.

Iná

Iná wa jẹ́ 230 sí 240 volt, 50 Hz. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, ti Japan jẹ́ 100. Bí ẹ bá kan ki wúfà 120 volt bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, fíùsì á fò bí oríire bá wà. Bí kò bá sí, kapásítọ̀ inú rẹ̀ (agolo kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́) á bú gbàmù, èéfín á tẹ̀lé e.

Bí wọ́n bá kọ 100–240V sí i lẹ́yìn, ẹnu wáyà nìkan ni ẹ ó pààrọ̀. Bó bá ní súìṣì 115/230, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, kí ẹ fi súìṣì náà sí 230, kí ẹ sì wo fíùsì. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, iye ampere tó ń gba fíùsì kọjá á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń kọ fíùsì méjì sí ara ẹ̀rọ, bíi T3.15A fún 115V àti T1.6A fún 230V. Lẹ́tà T yẹn ṣe pàtàkì: fíùsì tó ní sùúrù ni, tí kì í fò nítorí iná tó rọ́ wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ, ẹ ní láti ra transformer tó ń sọ 240 di 110. Ẹ jẹ́ kí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì wáàtì tí wúfà ń fà: 150W fẹ́ 300W ó kéré tán, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwọn transformer ọjà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́. Ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá parí, torí ó ń gbóná bí wúfà ò tilẹ̀ dún.

Ewu tó tóbi jù ni kí wáyà neutral, èyí tí iná ń gbà padà, já lórí òpó. Bó bá já, iná ilé kan lè gòkè lọ sí 300 volt àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀kísténṣọ̀n tí wọ́n kọ surge sí lára kò lè gbà yín lọ́wọ́ èyí. Ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe wákàtí. Ohun tí ẹ nílò ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí volt bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, tó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dá a padà. Stabilizer tó ní irú ìdúró bẹ́ẹ̀ náà dára. Àmì pé neutral ti já: gílóòbù yàrá tàbí ilé kan mọ́lẹ̀ gan-an, ti èkejì ń ṣẹ́jú pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ẹ pa gbogbo nǹkan láti mítà iná, kí ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná, wá so ó. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọkùnrin tó mọ òpó gùn ládùúgbò.

Iná tó rẹlẹ̀ ń pa wúfà lọ́nà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ 170 volt ló ń wọlé nírọ̀lẹ́, áńpù tó ń lo transformer kò ní agbára tó ní lójúmọmọ. Ẹ̀yin ò mọ̀, ẹ tún yí ohùn sókè. Ìgbì ohùn á wá gé lórí, kọ́ìlì á máa gbóná, bẹ́ẹ̀ kóònù ò ní rìn tó láti fi atẹ́gùn tù ú. Kọ́ìlì tó jó lálẹ́, iná tó rẹlẹ̀ ló sábà wà nídìí rẹ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀: ẹ jẹ́ kó dúró dáadáa kí ẹ tó tan wúfà, kí ẹ sì pa wúfà kí epo tó tán, nítorí iná rẹ̀ á máa sáré sókè sódò bó bá ń kú lọ. Ti inverter: èyí tó jẹ́ pure sine, tí ìgbì iná rẹ̀ ń lọ geere, ni kí ẹ lò. Irú kejì ń mú kí transformer inú wúfà máa kùn.

Wáyà ohùn

Bí receiver yín (áńpù ńlá tí sípíkà yòókù so mọ́) bá ní ihò SUB OUT, ibi tí ohùn wúfà ń gbà jáde, wáyà RCA kan ṣoṣo tó nípọn, tí wọ́n fi irin wé nínú, ti tó. Mítà 3 sí 5 kò ní dí ohùn lọ́wọ́. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n kọ LFE (ihò béèsì) sí lẹ́yìn wúfà, tàbí ihò òsì bí kò bá sí LFE.

Bí áńpù yín kò bá ní SUB OUT, ọ̀pọ̀ wúfà ní ibi tí a ti ń kan wáyà sípíkà mọ́ ọn. Láti ibi tí wáyà sípíkà ti jáde lẹ́yìn áńpù ni ẹ ó tún ti fa wáyà mìíràn lọ sí wúfà, òsì sí òsì, ọ̀tún sí ọ̀tún, pupa sí pupa. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó, torí wúfà kò fa agbára níbẹ̀, ohùn nìkan ló ń tẹ́tí sí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ bó bá jẹ́ áńpù kékeré Class D ni. Ẹnu wáyà dúdú méjèèjì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ilẹ̀ (ground). Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ á jó áńpù. Ẹ pa áńpù, ẹ fi multimeter (mítà tí a fi ń wọn iná) kan dúdú òsì àti dúdú ọ̀tún: bí kò bá dún pìn-ín, ẹ má kan wúfà mọ́ ọn lọ́nà yìí.

Ibi tí a ó gbé e sí

Ilé wa jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ táì tàbí térásò. Kò sí ohun tó ń gba béèsì mì nínú rẹ̀. Kọ́tìnnì àti kápẹ́ẹ̀tì kò lè dá a dúró, ohùn òkè nìkan ni wọ́n ń pa lẹ́nu. Bí béèsì bá kúrò lára wúfà, á lọ lu ògiri, á padà, á sì pàdé ara rẹ̀ lọ́nà. Níbi tí wọ́n bá ti pàdé dáadáa, á wú. Níbi tí wọ́n bá ti takora, á kú.

Ẹ lè ṣírò rẹ̀. Ẹ wọn gígùn yàrá ní mítà, kí ẹ fi í pín 172. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66, 172 tí a fi 3.66 pín jẹ́ 47. Nǹkan bí 47 Hz ni yàrá náà yóò máa gbé ga ju gbogbo ohùn yòókù lọ. Bí yàrá bá jẹ́ 12 lóòró, 12 níbùú, bí ọ̀pọ̀ yàrá wa ṣe rí, oòró àti ìbú á jọ lu 47 Hz yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Nóòtì kan nínú orin á máa bú ramúramù, èyí tó tẹ̀lé e á sọnù. Pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15 sàn jù: oòró rẹ̀ á mú nǹkan bí 38 Hz, ìbú rẹ̀ á mú 47, wọn ò ní gun ara wọn lórí.

Àárín yàrá gangan ni ohùn yìí ti ń kú. Ẹni tí àga rẹ̀ wà níbẹ̀ á ní wúfà òun kò lágbára, á sì máa yí i sókè, nígbà tí ẹni tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ ń gbọ́ béèsì dáadáa. Ẹ sún àga sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ.

Ọ̀nà tó dájú jù láti rí ibi tó yẹ kò gba owó, ó kàn ń mú ojú tini díẹ̀ bí àlejò bá wà nílé:

1. Ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, tàbí kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́.
2. Ẹ fi orin tí béèsì rẹ̀ ń rìn lókè-nísàlẹ̀ sí i, kì í ṣe èyí tó dúró sórí nóòtì kan.
3. Ẹ fi orúnkún rìn lẹ́bàá ògiri, kí orí yín wà nílẹ̀ níbi tí wúfà yóò wà.
4. Ibi tí nóòtì gbogbo ti dún dọ́gba, tí kò sí èyí tó ń bú, ni kí ẹ sàmì sí. Ó sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ.
5. Ẹ gbé wúfà lọ síbẹ̀, kí ẹ padà sórí àga yín láti gbọ́.

Igun yàrá ni ọ̀pọ̀ ń sáré gbé e sí. Lóòótọ́, igun ń mú ohùn pọ̀ sí i láìfi wáàtì kún un, ṣùgbọ́n gbogbo àléébù yàrá náà ló ń jí níbẹ̀. Bí ẹ̀yin bá ní láti lo igun, ẹ dín ohùn kù. Ẹ jẹ́ kí ihò atẹ́gùn àti irin ẹ̀yìn jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15.

Ẹ má gbé e sórí táì lásán o. Omi tí a fi ń nulẹ̀ ń wọ ìdí àpótí, ohun tí wọ́n sì fi ṣe é, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni. Bó bá ti mu omi tó sì wú, kì í padà mọ́. Ẹ ra pákó líle kan ní Bódìjà, kí wọ́n gé e bá ìdí wúfà, kí ẹ lẹ rọ́bà táyà àtijọ́ tàbí fóòmù tó le mọ́ abẹ́ rẹ̀. Yóò gbé e kúrò lójú omi, yóò sì dín ìmìtìtì tó ń gba ilẹ̀ lọ bá aládùúgbò kù. Kò ní dín èyí tó ń gba ògiri àti atẹ́gùn lọ. Ìyẹn, àfi kí ẹ yí nọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Nọ́ọ̀bù ẹ̀yìn

Bí receiver bá ń ṣe ìpín ohùn, ẹ yí Crossover ara wúfà, nọ́ọ̀bù tó ń sọ ibi tí ohùn wúfà ti dópin, dé òpin òkè tàbí kí ẹ fi sí LFE, kí ẹ má baà pín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí receiver, 80 Hz ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí sípíkà yòókù bá kéré bí ìkúùkù méjì, ẹ gbé e lọ sí 120.

Phase, súìṣì tó ń mú kí wúfà àti sípíkà yòókù jọ tì, jọ fà, ní 0 àti 180. Ẹ jókòó sáyè yín, kí ẹlòmíì máa yí i bí orin ti ń lọ. Èyí tí béèsì ti pọ̀ jù nínú méjèèjì ló tọ̀nà. Tán.

Volume: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ gbé e sókè títí ẹ ó fi mọ̀ pé ohùn kan ń ti ibẹ̀ wá, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀.

Ti Auto, súìṣì tó ń mú kí wúfà sùn bí orin bá dákẹ́, tó sì ń jí i bí orin bá padà: bí wúfà bá ń sùn láàárín orin nígbà tí ẹ bá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, kò bàjẹ́. Àmì tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kéré. Ẹ gbé ohùn wúfà ga nínú receiver ní 3 sí 5 dB, kí ẹ sì yí nọ́ọ̀bù ẹ̀yìn sílẹ̀ níwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò

Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ínṣì méjì, èyí tó rọ̀, gbọn eruku kúrò lára kóònù àti irin ẹ̀yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi omi, fasilíìnì, àdín tàbí epo bẹntiróòlù pa etí sípíkà. Epo ń jẹ fóòmù, ó sì ń tú àtè. Lásìkò òjò, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé onígíláàsì gbẹ́rẹgẹ̀dẹ̀ tí omi ń gbà fọ́n wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kó dún díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan síra: ooru rẹ̀ ń lé ọ̀rinrin. Bí mànàmáná bá ń kọ, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, ẹ yọ wáyà díìṣì náà.

Ihò atẹ́gùn jẹ́ ilé fún ọmọńlé. Bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ẹ fi fóòmù mímọ́ dí i. Ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn tàbí ti aáyán sínú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà, ẹ dè ìdè sípíkà pẹ̀lú ọwọ́, ní àgbélébùú, kì í ṣe ní yíyípo. Bí ihò ìdè kan bá ti gbẹ̀rẹ̀, igi ìṣáná kan àti àtè pákó lóru ọjọ́ kan á mú un.

Bí ó bá ń ṣàìsàn

*Kò tan.* Ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ yọ fíùsì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ti já, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an dípò. Bí èkejì bá fò lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró, nǹkan kan ti pàdé nínú áńpù. Wáyà lásán tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá tí àwọn kan ń fi dípò fíùsì ló ń sọ àtúnṣe kékeré di jíjó odindi áńpù.

*Ó tan, kò dún.* Ẹ fi fóònù dán an wò tààrà. Bó bá dún, receiver tàbí wáyà ló ní ẹjọ́. Bí kò bá dún, ẹ tú sípíkà, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ fi multimeter wọn ọ́n: sípíkà 4 ohm á fi nǹkan bí 3.2 sí 3.7 hàn, 8 ohm á fi 5.5 sí 7. Bí kò bá fi ohunkóhun hàn, kọ́ìlì ti jó. Bátìrì 1.5 volt tí a fi kàn án fìrí náà á sọ òtítọ́: kóònù alààyè á fò.

*Ó ń kùn.* Ẹ yọ wáyà RCA. Bí kíkùn bá dákẹ́, ilẹ̀ iná (earth) méjì ló ń jà. Ẹ fi gbogbo ẹ̀rọ sórí ẹ̀kísténṣọ̀n kan ṣoṣo. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ tú wáyà díìṣì lẹ́yìn dẹkódà, òun ló sábà jẹ̀bi. Ẹ má gé ẹsẹ̀ kẹta wáyà iná nítorí kíkùn; ẹsẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí. Bó bá ń kùn láìsí RCA, àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ti gbẹ.

*Ó ń gbọ̀n wọ́rọ́wọ́rọ́.* Kí ẹ tó tú u, ẹ fọwọ́ mú gíláàsì fèrèsé, ilẹ̀kùn, síìlìn àti fótò ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bí orin ṣe ń lọ. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ohùn náà á dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín.

*Ó ń tan, ó ń kú, ó ń dún pó-pó.* Kapásítọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ resistor gbígbóná lórí bọ́ọ̀dù Auto ló gbẹ. Iye µF kan náà ni kí wọ́n fi dípò, volt kan náà tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n kọ 105°C sí i lára, kí ilà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ibi àyọkúrò (−). Ẹni tó bá fi 85°C sí i torí pé ó dínwó, yóò tún padà rí ẹ̀rọ náà láìpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣí i fúnra yín, ẹ mọ̀ pé wúfà tí kò ní transformer wúwo nínú, tó ń gba 100–240V, ní kapásítọ̀ kan tó di nǹkan bí 325 volt mú, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Ìyẹn ń pani. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, ẹ má sanwó lórí ìdúró. Ẹ jẹ́ kó dún fún wákàtí kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn, pẹ̀lú Auto ní títàn. Kí wọ́n pa orin títí yóò fi sùn, kí wọ́n tún jí i. Àṣìṣe tó bá kù máa ń yọjú nígbà tí irin ẹ̀yìn bá ti gbóná, kì í ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Kí ẹ sì gba àwọn ohun tí wọ́n yọ padà.